Ẹ Wọ̀ Ọ́ Wò Kí Ẹ Tó Gbé E Lọ

Síkírátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Òpómúléró tó fi aṣọ bo àṣírí ará ilé, tó tún fi bo ti àlejò. Àbẹ̀kẹ́ Òkín, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó kẹ́. Ọmọ Àlàbí ahunṣọ ará Ìsẹ́yìn, ọmọ tí ìró òfì ń jí lójú oorun. Adúmáadán, eléyín ẹ̀rín, a-rìn-bí-ẹni-tí-kò-bá-ilẹ̀-jà. Ìyá Mọ́rìámọ̀, ìyá Kámílù, ọ̀gá mi tó kọ́ mi lọ́rọ̀ nígbà tí irùngbọ̀n mi ti funfun. Sùn un re o. Orúkọ rẹ ni mo fi ṣíwájú.

Kámílù ọmọ mi ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń parí ìwé tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò mú ṣe. Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ó ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá wá rí i pé mò ń fò láti ibì kan sí ibì kan, ẹ fi jì mí. Aránṣọ ni mí. Ẹnu mi kì í tọ́ bí ọwọ́ mi.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Bàbá Sùfíánù, ní Òkè-Àdó. Ọdún mẹ́fà gbáko. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó ń wọ gíláàsì tí wọ́n fi òwú so lápá kan. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, n kò rán nǹkan kan. Títú ni mò ń tú. Aṣọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ọmọ iṣẹ́ bá rán wọ́, Làsísì, Mónsúrù àti Jímọ̀ Kékeré, èmi ni yóò tú u, òwú kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kí aṣọ ya. Bàbá ní ẹni tí kò bá mọ bí aṣọ ṣe ń tú kò lè mọ ohun tó mú un dúró. Nígbà yẹn mo rò pé ìyà ló fi ń jẹ mí. Nígbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ni.

Ó ní òfin méjì. Èkíní: aṣọ tí kò bá tọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba ló ni ín. Èkejì: aránṣọ kì í pàṣẹ fún àgbà. Lọ́jọ́ kan mò ń wọn Àlhájì Bùsàrí, mo wá ní, "Ẹ gbé apá yín sókè, sà." Rúlà onígi Bàbá ti balẹ̀ lórí mi kí n tó parí ọ̀rọ̀.

"Ṣé ìwọ lo bí Àlhájì ni, tó o fi ń rán apá rẹ̀ níṣẹ́?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ wọn abẹ́ rẹ̀ ni, sà."

"Dúró. Tó bá wù ú, á gbé e. Téèpù rẹ ni kó bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹnu rẹ."

Àlhájì gbé apá rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Òfin kejì yìí kò ni wá lára rárá, nítorí agbádá àti bùbá la ń rán. Bùbá kì í bá èèyàn jà. Ẹni tó sanra àti ẹni tó rù, gbogbo wọn ló ń gbà. A ń wọn èèyàn lórí aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, a ń fi àyè sílẹ̀, ó ń gbé e lọ sílé. N kò rí i kí ẹnì kan bọ́ṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rí. Nígbà tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù tí mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ti ara mi, ọ̀nà yẹn náà ni mo tọ̀ títí orí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hewú.

Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dé Dublin, olú ìlú Ireland. Ó ti lo ọdún mẹ́ta ní àdúgbò Mulhuddart pẹ̀lú àwọn ọmọ kí èmi tó bá wọn. Àwọn ọdún yẹn ni àwọn ará Ireland ń pè ní ọdún Ẹkùn. Ilé ń hù bí olú, kéréènì pọ̀ lójú sánmà ju igi lọ, iṣẹ́ ń wá èèyàn kiri. Ìyàwó mi ń tún wọ́ọ̀dù ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Blanchardstown. Òun àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Concepta ló jọ ń ṣiṣẹ́, ìbátan Concepta ló sì ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yáni ní kóòtù ìgbéyàwó, kò jìnnà sí ilé ìtajà ńlá. Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn, kò ní ìtàn nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Missis Tierney ni orúkọ ọ̀gá náà. Obìnrin kúkúrú, irun rẹ̀ funfun báláú, píìnì kì í kúrò láàárín ètè rẹ̀. Ó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó mu tíì, kó tún bá ẹlòmíì jà lórí fóònù, kí píìnì kan má bọ́. Kò lè pe Ràímì, ó sọ mí di Ray. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló fi mí sí. Mò ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mò ń fún ìbàdí, mò ń pààrọ̀ síìpù. Maṣíìnì kan wà níbẹ̀ tí í ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí ojú kò ní rí òwú níta. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo yí ṣòkòtò náà sódì ní ìgbà mẹ́ta, mò ń wá ibi tí ìrán gbà. Missis Tierney ní, "Ray, ṣé o fẹ́ rán an ni àbí o fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Iwájú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti Declan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lẹ́nu bí oyin. Òun ló ń gba kọ́sítọ́mà, tó ń wọ̀n wọ́n, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí Declan ní òun ń lọ ta ilé. Gbogbo ayé ló ń ta ilé nígbà náà. Missis Tierney pè mí.

"Ray, mi ò lè gba ẹni méjì. Ẹni tó ń rán náà ni yóò máa gba kọ́sítọ́mà. Ọwọ́ rẹ dára ju ti ẹnikẹ́ni tí mo ti rí lọ, àmọ́ ẹnu rẹ wà ní títì. Màá dán ọ wò títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Bí kò bá lọ, mo ní láti wá ẹlòmíì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún mi. Múídì, ará ilé wa ní Mulhuddart, alágbẹ̀dẹ góòlù ni nílé. Ó lè fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun ṣe òdòdó sí etí obìnrin. Níbí, ní ilé ìkẹ́rù kan ní Damastown, páálí ló ń tò. Iṣẹ́ gidi ni, ó fi ń bọ́ ọmọ, n kò bú u. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, wọn ò mọ̀ mí mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Bí mo bá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, n kò ní tún un gbé.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́, kò kẹ́dùn pẹ̀lú mi. Ó já kóòtù òjò mi lára ìlẹ̀kùn, ó jù ú sí Mọ́rìámọ̀, ọmọ wa tó wà ní ọdún kẹta níléèwé girama.

"Kọ́sítọ́mà nìyẹn. Ẹ ní kó wọ̀ ọ́."

Mo tún ọ̀fun ṣe. "Wear it, please."

Mọ́rìámọ̀ kàn dúró pẹ̀lú kóòtù lọ́wọ́. "Ah Daddy, nobody says that," ó wí, pẹ̀lú ohùn Dublin rẹ̀ tó ń gba imú jáde. "Put it on."

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá Mọ́rìá, ẹ gbọ́. Àwa, a máa ń wọ ẹ̀wù, a máa ń dé fìlà, a máa ń wé gèlè, a máa ń ró ìró, a máa ń so táì. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Òyìnbó kò da ara wọn láàmú. Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, put on ni. Fìlà, put on. Bàtà, put on. Gíláàsì ojú pàápàá, put on."

"Wọ́n mà ṣahun ọ̀rọ̀ o."

"Wọn ò ṣahun. Wọ́n tọ́jú ọ̀kan pamọ́. Ìgbà tí apá ń wọnú kóòtù, put on ni. Tó bá ti wà lára èèyàn tí onítọ̀hún ti ń rìn káàkiri, wear nìyẹn. Ẹ ò lè ní kí ẹni tí kóòtù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa wear ẹ̀. Kò tíì dé ibẹ̀."

Ó yé mi. Nílé, wọ náà la fi ń sọ méjèèjì. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, yàrá ìdáná wa á di ṣọ́ọ̀bù. Àbẹ̀kẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn páálí sírìlì tí àwọn ọmọ ń jẹ láàárọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Take off: a fi ń bọ́ ẹ̀wù, a fi ń ṣí fìlà, a fi ń tú gèlè. Do up: bọ́tìnnì, síìpù, okùn bàtà, ohunkóhun tó bá ń pa ẹnu dé. Undo, kí a tú u padà. Tuck in, kí a ki ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò. Roll up, kí a ká apá ẹ̀wù sókè. Try on, kí a wọ̀ ọ́ wò. Take in àti let out ni mo tètè mọ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni: fífún un wọlé, títú u síta. Kámílù tó kéré nígbà náà ló kọ́ mi ní èyí tó le jù. Ó ní bí mo bá dárúkọ kóòtù, mo lè fi í sí àárín tàbí sí ìparí, kò burú: put on the coat, put the coat on. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ pé "it", àárín nìkan ló ń jókòó sí. Mo ní bí ọmọ láàárín bàbá àti ìyá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òfin eré náà ni pé ohun tí mo bá wí gan-an ni Mọ́rìámọ̀ yóò ṣe. Bí mo bá ní "Take off," tí n kò dárúkọ nǹkan kan, ó lè bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kó jù ú lù mí. Lọ́jọ́ kan mo ní "Put it on," mo rò pé kóòtù ni mò ń sọ, ó wá gbé ìkòkò ìrẹsì tó ti tán, ó dé e sórí. Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Ẹ máa nàka sí nǹkan kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, Bàbá Mọ́rìá. Kọ́sítọ́mà míì á ra ìkòkò lọ."

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnu mi ti là. Mò ń gba àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́, mò ń gba àwọn ọkọ ìyàwó tí ojú wọn pọ́n nítorí ohun tí wọ́n mu lánàá. "Try it on. Do up the top one. Lovely." Missis Tierney ń gbọ́ mi láti ẹ̀yìn áyọ́ọ̀nù, kò wí nǹkan kan. Ìyẹn ni pé ó dára. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìmọ èdè ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún ló dí mi lẹ́nu.

Mister Gaffney ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ kan láti apá Meath, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Gráinne, fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé. Declan ló ti wọ̀n ọ́n láti ìgbà òtútù. Ọjọ́bọ̀ ló wá gbé kóòtù àti ṣòkòtò rẹ̀, Missis Tierney kò sí nílé, ó lọ rí oníṣègùn eyín. Òfin ṣọ́ọ̀bù wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé aṣọ lọ láìwọ̀ ọ́ wò.

"Would you try it on for me, please, sir?" mo wí.

Ó wo kọ́tìnnì yàrá ìwọṣọ, ó wo mí, ó mí kanlẹ̀. "Ah, it'll be grand, son."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa grand, tó yẹ kó túmọ̀ sí pé ó dára. Ní Ireland, ara tó le, grand. Ara tí kò le, grand náà ni. Bí òrùlé bá jò, wọ́n á ní ó ṣì máa grand. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ti ìlẹ̀kùn ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ti fi ìṣó lu ihò tuntun mẹ́ta sí i, ìdí bẹ́líìtì sì wá ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìrù. Àìsàn ti jẹ ẹran ara bàbá yìí láti ìgbà tí Declan ti wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Kí n wá tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì? Kí n wí fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé kó bọ́ ṣòkòtò? Ó ṣe mí bíi pé Bàbá Sùfíánù dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú rúlà. Mo tẹríba. Mo ní, "Yes, sir." Mo ká aṣọ náà dáadáa, mo sì bá a gbé e dé inú ọkọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, fóònù dún. Missis Tierney gbọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Ray, ṣé Mister Gaffney wọ̀ ọ́ wò?"

"Rárá, ma."

Kò pariwo. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́, òwú, sísọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀kì. Wákàtí tó wà láàárín wa àti ìgbéyàwó náà kò tó mẹ́ta. Títí a fi dé Meath, mo ń rí páálí Damastown lójú.

Ilé náà kún. Mister Gaffney dúró láàárín ilé ìdáná, kóòtù rẹ̀ dán, òdòdó wà ní àyà rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí ṣòkòtò mú bí ẹni tó di ewúrẹ́ mú. Èèyàn méjì ì bá wọ ṣòkòtò náà. Ó ní òun á wọ ṣòkòtò àtijọ́ òun, èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀. Gráinne wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ìyàwó, ó ń sunkún.

"Kì í ṣe tìtorí ṣòkòtò, Daddy," ó wí. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún mi lápá nígbà tá a bá ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò lè fún mi lápá tọ́wọ́ yín méjèèjì bá ń di ṣòkòtò mú."

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí táìlì ilé ìdáná níwájú bàbá náà. Ẹni tó bá ṣẹ àgbà, ohun tí a kọ́ mi láti ṣe nìyẹn.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bernie, àbúrò bàbá, ní, "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí?"

"Píìnì," ni Missis Tierney dáhùn. "Píìnì ló ń wá."

Kíá, àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń bá mi wá píìnì lábẹ́ tábìlì. Ọ̀kan tilẹ̀ rí owó ẹyọ. Mister Gaffney ló gbọ́ ohun tí mò ń sọ nílẹ̀, pé sorry sir, ẹ̀bi mi ni. Ó ní, "Dìde ńbẹ̀, ọmọ mi. Ìwọ sọ pé kí n wọ̀ ọ́ wò. Èmi ni mo kọ̀."

Mo dìde. Mo ní, "Sir, take them off."

Ilé pa ẹ̀rín. Bernie lé gbogbo wọn síta, ó sì so épírọ̀nù olódòdó tirẹ̀ mọ́ bàbá nídìí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo tú ìbàdí ṣòkòtò náà bí Bàbá Sùfíánù ṣe kọ́ mi láti máa tú, mo fún un wọlé ní ìka mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ rán an. Gráinne jókòó ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi, nítorí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì.

Nígbà tí mo parí, mo bá bàbá sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kedere. "Put them on, sir. Tuck in your shirt. Do up the button." Ó ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún di ìbàdí mú. Ó ti mọ́ ọn lára. Mo ní, "Now let go, sir." Ó wò mí. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ó jọ̀wọ́ tòsì. Ṣòkòtò dúró. Gráinne ki apá rẹ̀ bọ apá bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, wọ́n sì rìn yí tábìlì ilé ìdáná ká lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì kí àlùfáà tó dé.

Ní Mọ́ńdè, Missis Tierney gbé àpótí ìjókòó méjì síwájú ara wọn.

"Ṣé o ò mọ ohun tó yẹ kó o sọ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ma."

"Ṣé o ò rí i pó ti rù?"

"Mo rí i, ma."

"Kí ló wá dé?"

Mo sọ ti Bàbá Sùfíánù fún un, ti Àlhájì Bùsàrí àti ti rúlà. Ó ń yọ píìnì kúrò lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá yẹn," ó wí, "ṣó lè jẹ́ kí aṣọ tí ò tọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀?"

"Láéláé, ma."

"O wá rú òfin rẹ̀ tó tóbi nítorí èyí tó kéré." Ó dá píìnì kan padà sẹ́nu. "Bọ̀wọ̀ fún wọn bó ṣe wù ọ́, Ray. Tẹríba, dọ̀bálẹ̀, máa wá píìnì. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde láìwọ̀ ọ́ wò. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ó parí."

Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlhájì Gàníyù wọlé. Àgbà mọ́ṣáláṣí wa ni, òun ló gbà mí nílé ní ọjọ́ ìtúnu àwẹ̀ àkọ́kọ́ mi ní Dublin. Ọmọ rẹ̀ ń gboyè, ó fẹ́ wọ súùtù alápá mẹ́ta. Mo kí i, ó yan èyí tó wù ú, ó ní, "Ràímì, dì í fún mi. Wéskóòtù yẹn á gbà mí, mo mọ ara mi." Òyìnbó kọ́ nìyí tí mo lè fi ọ̀rọ̀ àyálò sá pamọ́ fún. Yorùbá pọ́ńbélé ni mo máa fi sọ ọ́, létí ẹni tó lè bí mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà mo ṣí kọ́tìnnì. "Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ẹ bọ́ agbádá, ẹ wọ èyí wò. N kò ní dì í tẹ́ ò bá tíì wọ̀ ọ́ wò."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ràímì. Èmi lò ń ní kí n bọ́ṣọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Kójú má baà tì yín níbi tí ojú pọ̀ sí."

Áyọ́ọ̀nù Missis Tierney ti dákẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló yé e. Àlhájì fa irùngbọ̀n, ó wọlé, ó ń kùn pé ìlú òyìnbó ti ba ọmọ jẹ́. A gbọ́ ọ tó ń mí, tó ń fà, tó ń fà. Lẹ́yìn náà ó yọ orí síta.

"Ràímì, wá. Bọ́tìnnì yìí àti ihò rẹ̀ kì í ṣe ará abúlé kan náà."

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo tú u síta fún un, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgboyè ọmọ rẹ̀, ó sì wá fi fọ́tò hàn mí. Ọjọ́ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, Missis Tierney yọ téèpù Declan lára ìkọ́, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn, ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni iwájú nìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Àbẹ̀kẹ́ já páálí sírìlì kúrò lára fìríìjì, ó ní ilé ìwé ti parí, kí n wá fọ abọ́.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e dùn. Mo wọ àwọn ọmọ ilé ìwé láṣọ fún ijó ìparí ìwé wọn, mo wọ ọkọ ìyàwó ará Cork, ará Èkó àti ará Manila. Mo mọ orúkọ wọn di òní. Àwọn irinṣẹ́ ń yí padà níṣojú mi: áyọ́ọ̀nù tó ń tú ooru omi jáde dé, kọ̀ǹpútà dé tó ń tọ́jú ìwọ̀n èèyàn, ṣòkòtò dé tó ní ìdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí onítọ̀hún lè fún fúnra rẹ̀. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má bínú sí irinṣẹ́ tuntun. Ohun tí kò ní yí padà ni pé èèyàn yóò dúró níwájú dígí, yóò máa bẹ̀rù pé kò yẹ òun, ẹnì kan yóò sì ní láti bá a sọ òtítọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Nígbà tí Ẹkùn kú, tí owó gbẹ nílùú, tí kéréènì dúró lójú kan, ìgbéyàwó kéré, Missis Tierney ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó fún mi ní maṣíìnì tí í ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Mo gbé e sí pálọ̀ wa ní Mulhuddart, iṣẹ́ ń bá mi nílé títí ojú mi fi ní ó tó.

Ọdún tó kọjá ni ara Àbẹ̀kẹ́ kò le mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa, èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ láṣọ láràárọ̀. Bí mo bá dí bọ́tìnnì rẹ̀ wọ́, á wo ara rẹ̀, á ní, "Ọ̀gá télọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe fún àwọn kọ́sítọ́mà yín?" A rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní ọdún náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó kú ní òwúrọ̀ Túsìdé. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wẹ̀ ẹ́, Àlhájà Sàlámátù ló ṣíwájú wọn. Wọ́n ní kí n gé aṣọ funfun tí a ó fi sin ín, nítorí ọkọ ni mí, nítorí aránṣọ sì ni mí. Mo gé e. Kò gba abẹ́rẹ́, kò gba òwú. Mọ́rìámọ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ó wá dúró, ó yíjú sí mi.

"Daddy, I don't know what to do."

Kò sí ẹni tó lè ní kí n má pàṣẹ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kedere, ohùn mi kò sì yẹ̀. "Tẹ́ ẹ. Fọwọ́ pa á kó dán. Gbé ti òsì bò ó. Ó yá, gbé ti ọ̀tún lé e. Ó ti tọ́."

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ni a sin Síkírátù Àbẹ̀kẹ́ ní Dublin.